Bẹ́ ẹ bá rí Willow Warbler àti Chiffchaff, apá ni kẹ́ ẹ wò

Láti oṣù kẹjọ wọ oṣù kẹwàá, tí àwọn ẹyẹ ń kúrò ní Ìlú Ọba kí òtútù tó dé, méjì wà nínú wọn tó ń da ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo ẹyẹ láàmú: Willow Warbler àti Chiffchaff. Wọ́n jọra bí ìbejì. Ẹ̀yìn wọn ní àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn díẹ̀, àyà wọn rúsúrúsú, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju nǹkan bíi gíráàmù 10 lọ. Nígbà tí wọ́n bá ń kọrin lẹ́yìn òtútù, kò sí wàhálà. Orin wọn ni Gilbert White, àlùfáà ará Selborne ní England, fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ní 1768. Àmọ́ tí igi bá ti ń wọ́wé, orin á ti dín kù, ojú ló kù tí ẹ máa lò.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀: ti Chiffchaff dúdú, ti Willow Warbler mọ́ díẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan, torí Willow Warbler ẹlẹ́sẹ̀ dúdú wà. Apá lèmi fọkàn tán. Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ náà pa apá mọ́ra ná, kẹ́ ẹ wá fi bínókúlà wo ṣóńṣó apá tó yọ sórí ìdí ìrù. Ti Willow Warbler gùn gbọọrọ, ti Chiffchaff kúrú. Ìrìn-àjò ló fà á. Willow Warbler ń sọdá Sàhárà wá sọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń dé South Africa. Inú mi máa ń dùn gan-an bí mo bá rò ó pé èyí tó wà lórí igi iwájú mi lè wà lóko ẹnì kan lẹ́bàá Ìbàdàn kí ọdún tó parí. Ọ̀pọ̀ Chiffchaff kì í rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kì í tilẹ̀ kúrò ní gúúsù England.

Ẹ wo ìrù pẹ̀lú. Bí Chiffchaff bá ń ṣa kòkòrò jẹ láàárín ewé, ṣe ló ń tẹ ìrù sísàlẹ̀ léraléra. Willow Warbler kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Willow Warbler tí wọ́n jáde látinú ẹyin lọ́dún náà sì máa ń ní àwọ̀ ìyeyè látàyà dé ìdí. Tí oṣù kẹwàá bá ti wọ̀ dáadáa, Chiffchaff ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọkàn sí, torí ọ̀pọ̀ èkejì ti lọ.

Bí ẹyẹ náà bá fò lọ kẹ́ ẹ tó rí apá rẹ̀, ẹ kọ orúkọ méjèèjì pọ̀ sínú ìwé yín. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹyẹ wíwò ní Ìlú Ọba níbí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Willow-chiff" ni wọ́n ń kọ.