Ọ̀mì kan ṣoṣo: àyẹ̀wò ọdún 2024

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mo fẹ́ kọ bí 2024 ṣe lọ láti oṣù kìíní, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tì í, ayò ṣẹ́ẹ̀sì kan péré ló wá sí mi lọ́kàn. Owó epo gòkè, iná ọba ń kú léraléra káàkiri orílẹ̀-èdè. Gbogbo wa la jọ fojú rí i. Ọ̀mì tí Ọ̀gá Kékeré ta ní oṣù kọkànlá ni ọdún tèmi.

Ẹ ti mọ̀ ọ́n: ọmọ àbúrò mi obìnrin, ẹni tó máa ń bi àlejò bóyá wọ́n mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta kó tó bu omi fún wọn. Ní oṣù kẹrin, nígbà tí Tunde Onakoya àti Shawn Martinez jókòó sí Times Square ní New York, tí wọ́n ta ṣẹ́ẹ̀sì fún 60 wákàtí, ọmọ yìí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí fóònù lò nínú ilé. Látìgbà náà ló ti ń sọ pé àgbàlagbà ni òun fẹ́ máa bá ta. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ti sú u, torí ó mọ bí a ṣe ń fi ayaba àti bíṣọ́ọ̀bù pa ọba ọlọ́ba ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ìyẹn kò ràn lára ẹni tó mọ ayò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kàn gbé ẹṣin jáde, ayaba tó yára jáde á wá máa sá kiri, nígbà tí àwọn yòókù ṣì wà nílé.

Nítorí náà, a pa ẹ̀tàn yẹn tì, a bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ayò, níbi tí ìwọ̀nba ọmọ ayò ṣẹ́ kù sójú pátákó. Capablanca, ọmọ Kúbà tó gba adé ayé ní 1921, náà sọ pé ibẹ̀ ló yẹ kí èèyàn ti kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀ta ayò tó bá pàdé ọmọdé kì í sábà kánjú. Á gba pọ́ọ̀nù kan (ọmọ ayò tó kéré jù), á máa pààrọ̀ ọmọ ayò, á sì lọ dúró dè é níparí, torí ó gbà pé ọmọ náà kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ọ̀nà ibẹ̀ kì í bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbẹ̀rù yẹn gan-an ló sì gba àkókò wa jù. Ọmọ tí a tọ́ pé kó má wo àgbà lójú, ẹ wá gbé e síwájú àgbà pé kó nà wọ́n. Ó máa ń ta bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì: á pààrọ̀ gbogbo nǹkan kíákíá, á sì bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀mì kí ayò tó gbóná. Tí wọ́n bá mi orí lásán, á rò pé òun ti bà á jẹ́. A wá jọ ṣe àdéhùn: kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, tí o bá ti jókòó, ọba rẹ kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, bi ara rẹ pé, "Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí mi?" Ó ń sọ ọ́ sínú gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú "wọ́n" àpọ́nlé.

Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù pé ìfìdírẹmi á pa ọkàn ọmọ. Mo ṣírò rẹ̀ fún un. Nínú ìṣirò Elo tí FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, fi ń ka ìwọ̀n agbára ọ̀ta, ẹni tó bá fi ìwọ̀n 400 ju èèyàn lọ ló yẹ kó kó bí máàkì 9 nínú 10. Ọmọdé tó ti ní ìwọ̀n, tó bá fìdí rẹmi níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí 3 péré ló máa sọ nù nínú ìwọ̀n rẹ̀. Tó bá ta ọ̀mì, bí 17 ló máa wọlé fún un. Ìyá rẹ̀ ní kí n tún un ṣírò. Mo tún un ṣírò.

Àmọ́ Bàbá, bàbá rẹ̀ àgbà, ló ti kọ́kọ́ múra ọmọ yìí sílẹ̀. Ayò ọlọ́pọ́n ni wọ́n jọ máa ń ta, wọn kò sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ayò sílẹ̀ fún un rí. Wọ́n á pè é ní òpè lójú ara rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá tún kó ọmọ ayò sínú ihò 12 náà ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n á fi ibi tó ti ṣìnà hàn án. Bí a ṣe ń ṣe ṣẹ́ẹ̀sì náà nìyẹn: á kọ gbogbo ìṣísẹ̀ sílẹ̀, àwọn ayò tó pàdánù la sì máa ń kọ́kọ́ tú wò. Ó di ìgbà tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ti bàjẹ́ ká tó ṣí Lichess, ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì orí ayélujára. Bàbá kú ní oṣù kẹfà. Ẹ̀yin lẹ bá wa ṣe é, ẹ ṣeun. Mi ò tíì lè kọ nípa rẹ̀. Ọ̀gá Kékeré ní òun ti ṣírò gbèsè ayò tí òun jẹ Bàbá, kò lóǹkà, Bàbá sì lọ láì gba nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ṣẹ́ẹ̀sì.

Ìdíje oṣù kọkànlá náà wáyé ní Ìbàdàn níbí, tàgbà tèwe. Ọkùnrin tí Ọ̀gá Kékeré bá ta ayò kẹta ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì kí ìyá ọmọ náà tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Láàárín ayò, wọ́n gba pọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ títí ó fi ku ọba kọ̀ọ̀kan àti rúùkù (ọmọ ayò bí ilé ìṣọ́) kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú pọ́ọ̀nù tiwọn. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítorí òǹwòran kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ọba rẹ̀ dúró níwájú pọ́ọ̀nù náà, ó sì gbé rúùkù sí ìlà kẹta láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kí ọba wọn má bàa ráyè wọlé. Ó ń rìn án lọ, ó ń rìn án bọ̀. Philidor, olórin ará Faransé tó tún jẹ́ ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì, ti fi ọ̀nà yìí hàn ní 1777. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ti pọ́ọ̀nù dé ìlà yẹn. Lójú ẹsẹ̀ ló gbé rúùkù lọ sí ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣẹ́ẹ̀kì, ìkọlù tààrà sí ọba, lé ọba wọn láti ẹ̀yìn. Ibi tí ọba náà ì bá sá pamọ́ sí, pọ́ọ̀nù tiwọn ló ti gbà á.

Wọ́n ronú pẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ọwọ́ sí i fún ọ̀mì, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ?"

Ó ní, "Bàbá mi àgbà ni, sà."

Bàbá kò fọwọ́ kan ṣẹ́ẹ̀sì rí láyé wọn. Mo jáde lọ ra omi inú ọ̀rá, mo sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó padà. Ìgbà tí mo dé, ọmọkùnrin kan tí kò jù ú lọ ti ń nà án nínú ayò kẹrin.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún wa ní pátákó tuntun, àti lọ́wọ́ olùkọ́ tí kì í gba owó lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ Sátidé. Ní 2025, tí owó ọkọ̀ bá gbà wá láyè, mo fẹ́ kó wọ ìdíje tí FIDE ń ka ìwọ̀n rẹ̀, kó bá ó kéré tán ẹni márùn-ún tó ti ní ìwọ̀n ta, kí òun náà lè gba tirẹ̀. Mi ò ṣe ìlérí fún un, mo ní a máa gbìyànjú. Ní oṣù kìíní, a ó kọ́ òdìkejì ohun tó ṣe yẹn, bí ẹni tó ní pọ́ọ̀nù kan lé ṣe ń borí. Aago ṣẹ́ẹ̀sì wa ti kú pátápátá o. Ẹni tó bá ní àlòkù tó fẹ́ tà, kó jọ̀ọ́ sọ iye rẹ̀ fún mi kí ilé ìwé tó wọlé padà.