Mánéjà Tí Wọ́n So Mọ́ Ẹsẹ̀ Tábìlì

Ẹ bá mi bi ọ̀gá wa léèrè ohun tí wọ́n fún un mu ní sẹ́mínà tó lọ. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Bódìjà ni wọ́n ti ṣe é, ọjọ́ Sátidé péré. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di Mọ́ńdè, ọkùnrin tó jẹ́ pé "Ta ló gbé sísọ́ọ̀sì mi?" ni ìkíni àárọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, àtẹ́wọ́ ló ń pa wọlé.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ta ni yín?"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Bàbá Rìsí, tó ti ń gé pépà fún bàbá ọ̀gá kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ tó mọ ìwé kà, yọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Èmi Bàbá Rìsí ni, ọ̀gá. Ṣé kò sí nǹkan o?"

Ìyẹn kọ́ ni èsì. Èsì tó yẹ ni "Àwa ni aṣẹ́gun!", ká sì fò sókè, lẹ́yìn náà kí kálukú na ìka sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé "Ìwọ náà lè ṣe é!" Àràárọ̀ la ó máa ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ọ̀gá ní ó máa ń ta èèyàn jí sí iṣẹ́. Mi ò jiyàn. Ẹ ṣáà fojú inú wo Bàbá Rìsí, ọkùnrin tí eékún ń dùn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, tó ń fò sókè láàárín ìdì pépà, tó ń na ìka sí Wàsíù tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ nítorí owó àjọ.

Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, ilé ìtẹ̀wé kékeré láàárín fọ́ganáísà àti Ìyá Ẹlẹ́wà. Kò pẹ́ tí fọ́ganáísà fi rọra fà mí sẹ́yìn, ó ní kí n má bínú, aláṣọ funfun ni ìjọ tiwa àbí àwọn tó ń wọ bàtà? Ìyá Ẹlẹ́wà kò tilẹ̀ bèèrè. Òun gbé omi sínú ìgò wá ní tirẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọmọ òun fẹ́ ṣe JAMB, kí pásítọ̀ bá òun gbàdúrà sí i. Ọ̀gá wa, kó sọ pé àwa kì í ṣe ìjọ, ó gbé ọwọ́ lé ìgò! Ó ní, "Ọmọ yín ti di aṣẹ́gun, mà." Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀wà àárọ̀ wa ti ń ní èènì. Ẹni tó bá ní kí n lọ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́wà, kó kọ́kọ́ máa fún mi lówó oúnjẹ.

Páálí ńlá kan ló tẹ̀lé e. Ọ̀gá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó kọ S, M, A, R, T sí i lọ́kọ̀ọ̀kan lóòró. Ó ní ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ George Doran ló gbé e jáde lọ́dún 1981, pé góòlù, ìyẹn ohun téèyàn fojú sùn, gbọ́dọ̀ ṣe pàtó, kó ṣeé wọ̀n, kó ní ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, kó ṣeé ṣe, kó sì ní gbèdéke. Ó tún mú Abraham Maslow wọ̀ ọ́, tó kọ̀wé lọ́dún 1943 pé ohun tí ẹ̀dá ń fẹ́ wà ní ìpele ìpele, pé oúnjẹ àti oorun ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, pé bí ìyẹn bá ti dójú ìwọ̀n ni èèyàn tó máa lè wo òkè.

Bàbá Rìsí gbé orí sókè. "Bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àwọn baba wa kò dúró de 1943. Ọ̀gá, Maslow yín yìí, ṣé ó sọ ìgbà tí ẹ máa san ìdajì owó oṣù tó kù?"

Ọ̀gá ní ká pàtẹ́wọ́ fún Bàbá.

Góòlù ọ̀sẹ̀ náà ni kálẹ́ńdà ìdílé Mọ́gàjí kan, ìyẹn olórí agboolé, 2,000 ẹyọ, tí wọ́n á wá kó ní Sátidé. Àwòrán Mọ́gàjí á wà láàárín, tó tóbi, àwọn àgbà ìdílé á wà yí i ká ní róbótó róbótó. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ eré. Ìdí oyè Mọ́gàjí lèèyàn ti ń gbéra. Ó di Jagun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yálà ní ọ̀nà Ọ̀tún tàbí ní ọ̀nà Balógun, àwọn tó wà níwájú ń lọ, òun náà ń sún, títí yóò fi kan Olúbàdàn bí ẹ̀mí bá gùn. Bàbá Rìsí ní góòlù tòun nìyẹn: kò sí fífò, kò sí àtẹ́wọ́, kéèyàn ṣáà má kú.

Ọ̀gá kò gbọ́. Ó ti wọ mótò lọ sí ọjà Bódìjà, ó sì gbé àkùkọ bọ̀. Àkùkọ náà kì í ṣe kékeré. Ogbe orí rẹ̀ pupa bí fìlà olóyè, ojú rẹ̀ kò ní ìtìjú. Ọ̀gá so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì tí Bàbá Rìsí ti ń gé pépà, ó ní, "Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù títí di Fúráídè, tirẹ̀ ni." Kí ọjọ́ tó kanrí, Wàsíù ti sọ ọ́ ní Mánéjà. Ó ní kì í ṣe nǹkan kan, kó máa rìn síwá sẹ́yìn kó sì máa pariwo ni.

Ẹ̀yin ará mi, adìyẹ tú ilé wa ká.

Wàsíù ló ń wa ẹ̀rọ. Heidelberg àtijọ́ ni, tí àwọn Jámánì ṣe kí a tó bí Wàsíù, àwọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kálẹ́ńdà aláwọ̀ mèremère gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin: yẹ́lò, pupa, búlúù, dúdú. Ìyẹn ni Wàsíù ṣe ní ẹgbẹ̀rún méjì kọ́ lòun tẹ̀, 8,000 ni. Síkírá tó ń há irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí kálẹ́ńdà ní irú ìṣirò wo nìyẹn, pé lókè àti nísàlẹ̀ lòun ń há irin, nítorí náà ìkọ̀ọ̀kan tòun jẹ́ méjì. Bàbá Rìsí, tó ti ní òun kò bá ọmọdé du adìyẹ, ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, etí mẹ́rin ni pépà ní, òun ló sì ń gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé góòlù nítorí pé èmi ni mò ń ṣe dísáìnì lórí kọ̀ǹpútà. Dísáìnì kan ṣoṣo ni mo ṣe, orúkọ mi wà lórí páálí níbẹ̀ pẹ̀lú 1. Bí ẹni tó fìdí rẹmi ni mo rí lójú àlejò gbogbo.

Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí páálí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15,000, kálẹ́ńdà tó sì ti parí tó ṣeé gbé fún oníbàárà kò tí ì pé 200. Síkírá ń fi ìdì ìwé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ńṣì kí ẹlòmíràn má bàa kà á mọ́ tirẹ̀. Wàsíù kọ̀ láti pa ẹ̀rọ kó lè nù ún, ó ní wọ́n fẹ́ fi bomi pa iná òun. Síkírá ti ra ata rodo àti tàtàṣé, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti fi pamọ́ sínú fíríìjì Ìyá Ẹlẹ́wà. Ìgboyà tí obìnrin yẹn ní, kì í ṣe sẹ́mínà ló fún un.

Alẹ́ Tọ́sìdeè ni nǹkan dé. Wàsíù ti tẹ àwọ̀ dúdú tó gbẹ̀yìn, ó kù nǹkan bí 300 tí tàdáwà wọn ṣì tutù. Bí èèyàn bá to ìwé tútù léra wọn, iwájú ti ìsàlẹ̀ á kó bá ẹ̀yìn ti òkè, nítorí náà a tẹ́ wọn sílẹ̀ káàkiri, lórí bẹ́ńṣì, lórí ṣíà, nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n mú iná lọ. Wàsíù kò nu òkúta tó ń po tàdáwà sí. Dípò kó nù ún, ó lọ tú okùn ẹsẹ̀ Mánéjà díẹ̀, ó ní kí ẹran òun sùn dáadáa. Ẹran òun! Góòlù kò tí ì pé!

Síkírá ló ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ Fúráídè. Ibi tí mo ti ń mu gààrí nínú ilé òdìkejì ni mo ti gbọ́ igbe rẹ̀: "Yéè! Mọ́gàjí ti kọlà!"

Mánéjà ti gba orí òkúta tàdáwà kọjá, ó sì ti ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka ẹsẹ̀ adìyẹ mẹ́ta ló kọjú síwájú, ẹ sì mọ bí pélé ti rí. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún Mọ́gàjí, ìlà mẹ́ta, gbọnrangandan, dúdú. Ní òmíràn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Àwọn kan wà tó jẹ́ iwájú orí ló bù ú lé. Ìyá kan tó jókòó lápá òsì gba tirẹ̀ sí imú. Ní ti akọ̀wé ìdílé, ohun tí àkùkọ náà ṣe sí àwòrán tirẹ̀ kì í ṣe tàdáwà, ẹ jẹ́ kí n fi mọ síbẹ̀.

Ọ̀gá dé. Ó wò ó. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ṣí ìwé sẹ́mínà rẹ̀, ó kà á pé, "Kò sí ìṣòro láyé yìí, àǹfààní ló wà."

Bàbá Rìsí ní, "Ó dáa. Ẹ bá wa gbé àǹfààní yìí fún Mọ́gàjí."

Ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Pépà tó kù la kó lé ẹ̀rọ, a tan jẹnẹrétọ̀, ọ̀gá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú Wàsíù, Síkírá yọ gbogbo ohun tó kó pamọ́ jáde. Ẹnì kan lọ ra àmàlà. Èmi gan-an há irin. Ilẹ̀ fi mọ́ wa sójú iṣẹ́, nǹkan bí 300 tuntun sì ti jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Àwọn tó wá kó kálẹ́ńdà kò jẹ́ ká bọ́jú. Akọ̀wé ìdílé fúnra rẹ̀ ni, àti ìyá àgbà kan tó jẹ́ àǹtí Mọ́gàjí, tó ní òun kò lè gbà kí ọmọkùnrin máa dá nìkan ka nǹkan ìdílé. A sáré wá ṣíà fún mọ́mì. Kò dúró. Orí ìdì tí a fi aṣọ bò ní kọ̀rọ̀ ló jókòó sí, ó ṣí aṣọ, ó fa kálẹ́ńdà kan yọ.

Ọ̀gá ti dọ̀bálẹ̀ kí ìyá tó gbé e dé ojú. "Mọ́mì, ẹ forí jì wá, a ti tẹ òmíràn..."

"Ta ló kọ Àlàmú nílà?"

Kò sẹ́ni tó fèsì.

"Mo sọ ọ́! Mo sọ ọ́ lójú àwo ìkómọ rẹ̀ pé kí wọ́n kọ ọ́ ní pélé bíi ti bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e sá, ó ní ayé ti là. Ẹ wò ó! Ẹ wá wo bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀! Àwọn ọmọ olóyè méjì ló wà nínú ilé wa tí àlejò kì í dá mọ̀ láàárín ọjà." Ó ti ń nu omi ojú. Ó ní kí a kó gbogbo èyí tó kọlà fún òun, pé àwọn aláìlà ni kí wọ́n pín fún àwọn ọ̀dọ́.

Akọ̀wé ìdílé ní kò ṣeé ṣe. Ó ti rí tirẹ̀. Ó ní mọ́mì, ẹ wo ohun tó wà lójú èmi. Ìyá ní nǹkan wo ló wà lójú ẹ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ibẹ̀ ni ó ti di ariwo, fọ́ganáísà dé, Ìyá Ẹlẹ́wà dé, kálukú ń dá ẹjọ́. Wọ́n ní Ìbàdàn nílé Olúyọ̀lé, níbi tí olè ti ń jàre olóhun. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pẹ̀lú ojú mi: Mánéjà dúró láàárín gbogbo wa, ó na ọrùn, ó kọ kéèkéèrèkéè.

Ìyá bèèrè olóòlà. Gbogbo wa na ìka sí i, bí ọ̀gá ti kọ́ wa.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní olóòlà kì í ṣiṣẹ́ lásán, kí a tú u, ọ̀dọ̀ òun ni yóò máa gbé, àgbàdo kò ní wọ́n ọn. Ọ̀gá ní, "Ẹ máa mú un lọ, mà, tiyín ni." Wọ́n san owó wa pé. Wàsíù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo okùn.

Bí mótò wọn ti ṣí, ọ̀gá yíjú sí wa, ojú rẹ̀ pupa fún àìsùn, ó ní ká jọ pàtẹ́wọ́ fún ara wa.

Síkírá ní ó di ìgbà tí wọ́n bá san owó ata òun.