Bí ètò chess ṣe ń kọ́gbọ́n lára ayò tó ti ta kọjá

Nígbà tí Deep Blue, kọ̀ǹpútà IBM tó ń ta chess, na Garry Kasparov, ọ̀gá chess àgbáyé, ní 1997, ayò àwọn grandmaster (àwọn ògbóǹtarìgì chess) bíi 700,000 wà nínú ìrántí rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ayò ni ìyẹn wúlò fún jù. Tí ayò bá dé àárín, ipò tó wà lórí pátákó lè máà tíì wáyé rí. Òdiwọ̀n ni ètò nílò níbẹ̀: èló ni ọmọ ayò bíi rook kan tó? Mélòó ni ká yọ tí ọba bá wà ní gbangba láìsí ààbò?

Láti rí àwọn òdiwọ̀n yìí, ọ̀nà tí Peter Österlund, ẹni tó kọ ètò chess Texel, gbé jáde ní 2014 ló dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ètò tirẹ̀. Texel bá ara rẹ̀ ta ayò 64,000, ó sì kó ipò bíi mílíọ̀nù 8.8 jọ nínú wọn. Ẹ fi èsì ayò sára ipò kọ̀ọ̀kan: 1 tí funfun bá borí, 0.5 tí wọ́n bá ta ọ̀mì, 0 tí dúdú bá borí. Kí ètò yín wá fún ipò náà ní máàkì, s. Pawn kan, ọmọ ayò tó kéré jù, jẹ́ 100. Ẹ fi 1 ÷ (1 + 10^(−K×s÷400)) sọ ọ́ di nọ́ńbà láàárín 0 sí 1. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára èsì, ẹ fi ìyàtọ̀ náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ wá ìpíndọ́gba gbogbo rẹ̀. Àṣìṣe yín nìyẹn. K, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó wà nínú ìṣirò òkè yìí, ẹ kọ́kọ́ wá èyí tó mú àṣìṣe kéré jù, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 1 kún òdiwọ̀n kan. Tí àṣìṣe kò bá dínkù, ẹ dá a padà, kí ẹ yọ 1 wò. Ẹ máa yí gbogbo wọn po títí àṣìṣe kò fi ní dínkù mọ́.

Ipò tí wọ́n ṣì ń jẹ ọmọ lọ́wọ́ ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Queen tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, tí ẹnìkejì fẹ́ gbẹ̀san rẹ̀, á mú kí máàkì parọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ètò jẹ gbogbo èyí tó yẹ ní jíjẹ tán kó tó díwọ̀n. Ẹ tún ṣọ́ra tí ẹ bá ń ya ipò sọ́tọ̀ fún ìdánwò: ayò odindi ni kí ẹ yà. Èsì kan náà ni gbogbo ipò inú ayò kan ń jẹ́, tí ẹ bá sì pín wọn sí méjì, ìdánwò náà ti mọ ìdáhùn.

Láti 2020 ni Stockfish, ètò chess tó lágbára gan-an, ti ń lo NNUE, nẹ́tíwọ́kì kọ̀ǹpútà tó ń díwọ̀n ipò, tí Yu Nasu kọ́kọ́ ṣe fún shogi (chess àwọn ará Japan) ní 2018. Òdiwọ̀n inú rẹ̀ wọ àràádọ́ta ọ̀kẹ́. Èsì nìkan kì í tó o, torí ẹni tó ń borí lè ta àṣìtà kan ní ìparí, kí gbogbo ipò dáadáa tó ti wà ṣáájú gba 0. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po èsì mọ́ máàkì tí ètò rí lẹ́yìn tó ti wo ọ̀pọ̀ ìta síwájú.