Wọ́n ní kò sí ohun tí mo fẹ́ràn

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí láti ọ̀sán. Kì í ṣe èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Màmá, àgbà obìnrin ará Ítálì tí mò ń tọ́jú nílé wọn ní Padova, ń bá ọmọ wọn obìnrin ti Milano sọ̀rọ̀ lórí fóònù, èmi ń ká aṣọ ní yàrá kejì, ilẹ̀kùn ò pa dé. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "A lei non piace niente." Èmi ni wọ́n ń wí. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan tí mo fẹ́ràn. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó gáàsì.

Èmi! Kò sí nǹkan kan.

Iṣẹ́ òní ò pọ̀: a lọ gba oògùn, a gba ọjà Piazza delle Erbe bọ̀, mo ra radicchio, ewébẹ̀ kíkorò kan, a délé kí òtútù tó le. Ó tán. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi jẹ oúnjẹ alẹ́.

Mo mọ ibi tó ti wá. Gbogbo ìgbà tí oúnjẹ bá ti dé orí tábìlì nílé yìí, wọ́n á ní, "Ti piace?", ṣé o fẹ́ràn rẹ̀? Èmi á ní, "Va bene, signora." Kọfí ńkọ́? Va bene. Ká ṣí fèrèsé àbí ká tì í? Va bene. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Nílé wa, ọmọ kì í wo inú abọ́ tí àgbà gbé fún un kó ní òun ò fẹ́ràn rẹ̀. Wàá jẹ ẹ́, wàá kúnlẹ̀ dúpẹ́, wàá palẹ̀ abọ́ mọ́. Ta ló ń bi ọmọ léèrè ohun tó wù ú? "Kò burú" ni ìdáhùn ọmọlúàbí, òun náà ni mo sì ń dá Màmá lóhùn ní èdè tiwọn. Ìwà tí wọ́n á fi yìn mí nílé ni wọ́n ń fi bú mi níbí.

Àbí kì í ṣe èébú?

Ẹ wò ó, lọ́sẹ̀ tó kọjá ní CPIA, ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí mo ti ń kọ́ èdè Ítálì, tíṣà ní kí kálukú sọ ohun tó fẹ́ràn àti èyí tí kò fẹ́ràn. Mi piace bó bá jẹ́ ẹyọ kan, mi piacciono bó bá jẹ́ púpọ̀. Ìyẹn ò ni mí lára, "ó wù mí" ni tiwa náà. Ọ̀gbẹ́ni ará Bangladesh yẹn ní "Non mi piace la nebbia", òun ò fẹ́ràn kùrukùru, gbogbo wa sì pariwo pọ̀ pé "Neanche a me!", èmi náà ò fẹ́ràn rẹ̀! Ẹni tó bá ti rí kùrukùru Padova ní Oṣù Kọkànlá á mọ ìdí rẹ̀. Obìnrin ará Ukraine ní òun ò fẹ́ràn ariwo. Ó kàn mí. Mo ní, "Mi piace tutto." Tíṣà wò mí, wọ́n ní, "Tutto? Non è possibile." Gbogbo nǹkan kẹ̀? Kò ṣeé ṣe.

Ní kíláàsì, gbogbo nǹkan ni mo fẹ́ràn. Nílé, kò sí ọ̀kan. Èwo wá ni èmi gan-an?

Ìdánwò èdè Ítálì ti ìpele A2 ń bọ̀, láìsí i kò sí ìwé ìgbélùú onígbà pípẹ́, mo sì mọ̀ pé wọ́n á béèrè irú nǹkan báyìí. Mo mọ̀ ọ́n. Tíṣà ti là á yé wa pé ó ní ìpele. Bí nǹkan ò bá wù ẹ́ tí o ò sì fẹ́ kí inú ẹni tó sè é bàjẹ́, sọ pé "Non mi fa impazzire", kò sẹ́ni tó máa bínú. "Non mi dispiace" wà láàárín: o lè tún un jẹ. "Mi fa schifo" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìríra, ẹ má sọ ọ́ nídìí tábìlì ẹnikẹ́ni. Ti èèyàn tún yàtọ̀. Èèyàn kì í kàn sọ fún ẹlòmíràn pé "mi piaci", àfi bí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí i bí olólùfẹ́. Ẹni tí ìwà rẹ̀ bá tẹ́ ọ lọ́rùn, "mi è simpatica" ni. Ẹni tó bá jẹ́ tìrẹ, "ti voglio bene". Màmá máa ń sọ èyí fún ọmọ wọn kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ lónìí náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ tèmi tán.

Ọ̀rọ̀ baccalà, oúnjẹ ẹja kan, ló fà á, ó dá mi lójú. Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá ní ká jọ sè é bí wọ́n ṣe ń sè é ní Vicenza níbi tí wọ́n ti bí wọn. Níbòmíràn ní Ítálì, ẹja oníyọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbí, nígbà tí mo ṣí ìdérí ike tí wọ́n ti ń rẹ ẹ́ sómi láti àárín ọ̀sẹ̀, òórùn pánlá ló kọlù mí. Pánlá gidi! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Màmá ń sọ ìtàn oníṣòwò Venezia kan fún mi, Pietro Querini, tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ sójú òkun ní 1431, tí omi gbé e dé erékùsù Røst ní Nọ́wè. Wọ́n ní òun ló mú ẹja yìí wálé. Nọ́wè kan náà ló ń kó o ránṣẹ́ sí wa: àwọn ará Ítálì ń ra odindi èyí tó dára jù, orí rẹ̀ ń bọ̀ ní Nàìjíríà. Mo fẹ́ sọ ìyẹn fún wọn. Mi ò sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni mílíìkì dé. Àlùbọ́sà, ẹja wẹ́wẹ́ oníyọ̀, wàràkàṣì tí a rin, òróró ólífì, mílíìkì. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin lórí iná jẹ́jẹ́. Wọn kì í rò ó rárá. Mo ti na ọwọ́ sí ṣíbí, Màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ìkòkò ni kí n máa mì díẹ̀díẹ̀. Wọ́n bu tèmi sí ẹ̀gbẹ́ polenta, òkèlè àgbàdo tiwọn, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ẹnu mi. "Allora? Ti piace?"

Inú mi ń pariwo: Màmá, ata dà?

Mo ní, "Va bene, signora." Wọ́n gbé ojú kúrò.

Bóyá kì í ṣe èébú. Bóyá ó ń dun àwọn náà ni. Ẹni tó dúró ti ìkòkò tó bẹ́ẹ̀ fẹ́ gbọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wá ní "niente"! Mo fẹ́ràn radicchio yìí, ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀ jù. Mo fẹ́ràn igbe àwọn ọlọ́jà ní Piazza della Frutta. Mo fẹ́ràn kí n máa ya irun Màmá láàárọ̀, wọ́n á dijú, wọ́n á máa kùn orin kan tí mi ò mọ̀. Mi ò fẹ́ràn ẹran ẹṣin tí wọ́n ń ya wẹ́wẹ́ sórí ewébẹ̀, mi ò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí ní "la ragazza" lójú àlejò nígbà tí mo ní orúkọ. Ó wù mí, kò wù ọ́, ni kì í jẹ́ ká pawó pọ̀ fẹ́yàwó, àwọn àgbà tiwa ló sọ ọ́. Wọ́n mọ̀ pé ohun tó wu kálukú yàtọ̀. Nígbà náà, kí ló dé tí a ò...

Mo pe ìyá mi nílé nírọ̀lẹ́. Mo bi wọ́n pé oúnjẹ wo ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, "Èyíkéyìí tí Ọlọ́run bá pèsè, ọmọ mi." Mo tún un bi wọ́n. Wọ́n ní ṣé kò sí tí mo fi ń béèrè irú ìbéèrè báyìí.

Ìyá Ìbejì ní kí n sọ̀rọ̀, pé àwọn èèyàn yìí kì í wo inú, ẹnu ni wọ́n ń gbọ́. Ó rọrùn fún un láti sọ.

Màmá ní a ó tún se baccalà lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi á sọ fún wọn pé polenta wù mí, pé pánlá ọ̀hún wù mí ju bí wọ́n ṣe rò lọ, pé mílíìkì yẹn ni non mi fa impazzire. Màá sì ní kí wọ́n jọ̀wọ́ yọ ègé méjì sọ́tọ̀ fún mi kí mílíìkì tó dé ibẹ̀. Mo ní ata rodo nínú fíríìsà.