Iná Epo Kì Í Ba Bọ̀ọ̀dá Mi Lẹ́rù

Bọ̀ọ̀dá mi gbà pé òpùrọ́ ni iná epo tó ń tàn nínú ọkọ̀. Ó ní àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé ojora máa ń tètè mú ọmọ aráyé, ni wọ́n ṣe ń tan iná nígbà tí epo ṣì pọ̀ nísàlẹ̀ tánkì, kí ẹni tó bá láyà lè máa lò ó lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú u. Èmi àbúrò, kí ni mo fẹ́ wí? Ẹnu mi ò gbà á.

Michigan ni a wà, ní Amẹ́ríkà, lápá òkè ìpínlẹ̀ náà, níbi tí igbó ti gba gbogbo ilẹ̀ títí dé etí adágún omi Superior. Ẹni tó bá fẹ́ràn àtimáa wo omi tó ń já láti orí àpáta, kó gba ibẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣe ń kúrò nídìí ọ̀kan ni òmíràn ń pè yín. Bọ̀ọ̀dá mi ló ń wa ọkọ̀, ìyàwó wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi àti Màmá wà lẹ́yìn.

Orí afárá Mackinac ni Màmá ti kọ́kọ́ pa wá lẹ́rìn-ín. Afárá náà gùn tó máìlì márùn-ún, láti 1957 ni ọkọ̀ sì ti ń gba orí rẹ̀ kọjá. Irin onihò-onihò ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà tó wà láàárín; bí ènìyàn bá wolẹ̀, omi ni yóò rí. Bí táyà ṣe gun irin yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó hùùù, Màmá gbá àga iwájú mú.

"Àkànní, ṣé ilẹ̀ ibí yìí ò tíì parí ni?"

Ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ Sáàmù, kò sì sinmi títí a fi sanwó ibodè lódìkejì.

Tahquamenon ni a kọ́kọ́ yà sí. Kí n sọ òótọ́, ibẹ̀ dáa. Ibi tí odò náà ti ń já fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 50 láti òkè dé ìsàlẹ̀, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a lè mójú kúrò: ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àgbo tó ti jinná. Inú àbàtà tí igi sídà kún ni odò náà ti ń bọ̀, oje igi àti ti ewé tó rẹ sínú omi ló sì pa á láró bẹ́ẹ̀. Màmá wò ó, ó tún un wò, ó ní kí n bá òun wá ìgò. Ìyàwó wa ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ọgbà ìjọba ni." Màmá ní òun ò ní kí ìjọba má mu tiwọn.

Ẹ̀sọ̀ ni a fi ń wa ọkọ̀ kiri àgbègbè ọgbà yẹn, nítorí èrò pọ̀, àwọn ọmọdé sì ń sáré sọdá. Ẹ rántí ibí yìí o. Àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí ní kọ̀ǹpútà tó máa ń sọ iye máìlì tí epo lè gbéni dé, bí a sì ṣe wa ọkọ̀ láìpẹ́ ló fi ń ṣírò. Ọkọ̀ tiwa ti rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ló wà nídìí òun.

Kí a tó wọ ìlú Seney, iná epo tàn.

"Dádì, iná yẹn ti tàn o."

"Mo rí i."

Ilé epo sì rèé lọ́ọ̀ọ́kán. Bọ̀ọ̀dá mi dẹ ẹsẹ̀ lórí iná ọkọ̀, ó gbójú sókè wo pátákó iye owó. Sẹ́ǹtì díẹ̀ ni tibẹ̀ fi ju ti ibi tí a ti ń bọ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọn ò lè rí mú.

"Ṣé epo yìí ni wọ́n fẹ́ fi kọ́lé? Ẹ wo ibí, máìlì 33 ló ṣì kù. Máìlì 25 ni ibi tí à ń lọ. Mẹ́jọ ṣẹ́kù. Kí lẹ tún ń fẹ́?"

Ó tẹná.

Ẹni tí kò bá tíì gba ọ̀nà tó lọ láti Seney sí Shingleton, kò lè mọ ohun tó ń jẹ́ títì tó tọ́. Kò sí kọ́nà. Máìlì 25 gbáko, ọ̀dà níwájú, ọ̀dà lẹ́yìn, àbàtà lọ́tùn-ún lósì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ gbẹ́ kòtò la àbàtà yẹn já kí omi lè fà, wọ́n sì tà á fún àwọn àgbẹ̀. Ilẹ̀ ò mú nǹkan jáde, àwọn àgbẹ̀ palẹ̀ mọ́. Nígbà tó di 1935, ìjọba sọ apá ńlá kan níbẹ̀ di ibi ààbò fún ẹyẹ. Ìyẹn ni pé bí ènìyàn bá ń wá ẹni tí yóò yá a lépo, ẹyẹ ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Fóònù ìyàwó wa ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tèmi náà ò rí.

33 di 27. Máìlì mélòó ni a rìn? Kò tó mẹ́ta. Bọ̀ọ̀dá mi tẹjú mọ́ nọ́ńbà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kí a lè tètè débẹ̀ kí epo tó tán. Mo wo ojú Màmá, Màmá wo tèmi. Olùkọ́ ìṣirò ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ kò sọ nǹkan kan. Ó kàn tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó wé e le dáadáa.

Nígbà tó di 11, Bọ̀ọ̀dá mi pa ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní òun ló ń jẹ epo. A ṣí gbogbo fèrèsé. Atẹ́gùn tó ń wọlé náà ń dá ọkọ̀ dúró, ó sì ń jẹ epo tirẹ̀, àmọ́ ta ló máa sọ fún un? Nígbà tó yá, nọ́ńbà kúrò, ìlà kéékèèké mẹ́ta ló kù lójú ẹ̀rọ. Ìyàwó wa bi í pé, "Mélòó nìyẹn?"

Ọkọ̀ hú lẹ́ẹ̀kan. Ó hú lẹ́ẹ̀kejì. Ó yí gbirigbiri lọ sétí títì, ó dúró.

Ibẹ̀ ni eṣinṣin ti bá wa. Kì í ṣe ti inú ilé o. Èyí tóbi, ojú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó ń dán gbinrin, àmì dúdú wà lára ìyẹ́ rẹ̀, orí ènìyàn ló sì máa ń wá. Ẹyọ kan bà sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó nu tọ̀tún, ó nu tòsì, ó wá gbéra lọ́dọ̀ tèmi láìkánjú, ó lọ bà lé àárín orí Bọ̀ọ̀dá mi. Orí Bọ̀ọ̀dá mi ò nírun. Ó pariwo, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ síta, níbi tí àwọn ẹbí eṣinṣin yẹn ti ń dúró dè é. Ó ń fi ìwé àwòrán ọ̀nà gbá orí ara rẹ̀ yí ọkọ̀ ká. Màmá jókòó jẹ́ẹ́ nínú gèlè.

Ọkọ̀ mélòó kan kọjá. Bàbá arúgbó kan ló padà dúró, nínú píkọ́ọ̀pù tó ti dógùn-ún, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ igi àti kẹ́ẹ̀gì méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò tiẹ̀ bèèrè ohun tó ṣe wá. Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mirí: wọ́n ti po òróró mọ́ ìyẹn, ti ẹ̀rọ igi ni. Ó gbóòórùn èkejì, ó ní ó dáa. Ó fa àrọ yọ lábẹ́ àga, ó sì ń rọ epo fún wa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìgbà tó rọ ọ́ dé ìdajì ló tó bèèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé a ò rí ilé epo tó wà ní Seney ni?

Gbogbo wa dákẹ́. Eṣinṣin nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ìyàwó wa ló dá a lóhùn láti inú ọkọ̀: "Wọ́n rí i dáadáa."

Bàbá náà ò gbowó. Màmá wá sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Àkànní, dọ̀bálẹ̀ kí o dúpẹ́." Bọ̀ọ̀dá mi wo títì, ó wo ṣòkòtò rẹ̀, ó wo Màmá, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan koríko. Bàbá arúgbó rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń tú koríko wò. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan ń dúpẹ́, ọ̀kan ń wá nǹkan, Màmá dúró lé wọn lórí, ó ń súre: o ò ní rìn nígbà tí ebi ń pa ọ̀nà, ọ̀nà á là fún ọ, àwọn ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ. Nígbà tó débi "láṣẹ Èdùmàrè," bàbá ṣí fìlà, ó ní "Àmín." Mi ò mọ bó ṣe mọ̀.

A dé Munising. A wo omi tibẹ̀, tó ń já láti orí òkúta yanrìn. Òun náà tó ẹsẹ̀ bàtà 50, àmọ́ ó mọ́ gaara. Màmá ní wọ́n ti sẹ́ èyí. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí ìyàwó wa bọ́ sẹ́yìn, òun fẹ́ jókòó síwájú.

Kò wo igbó mọ́, kò wo adágún. Abẹ́rẹ́ epo ló ń wò. Láti Munising dé Marquette, ilé epo tí a bá ti rí, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Yà." Bọ̀ọ̀dá mi á ní, "Màmá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni." Màmá á ní, "Mo ní kí o yà." Níbi tó kẹ́yìn, epo tó wọ tánkì ò tó ìdajì gálọ́ọ̀nù tí ẹ̀rọ fi já kọ́. Ó wọlé lọ san dọ́là kan àti sẹ́ǹtì díẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbowó bi í bóyá ẹ̀rọ àwọn ló ti bàjẹ́.

Ó ní, "Rárá o. Màmá mi ló wà níwájú."