Ìwé tí mò ń fọwọ́ rán fún ewì Amẹ́ríkà tó ń rẹ́rìn-ín nínú ọ̀fọ̀

Oṣù kẹrin: bébà

Mo ti mọ bí ìwé yìí yóò ṣe rí. Ìdì bébà márùn-ún ni, akéwì Amẹ́ríkà kan fún ìdì kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló kọ ewì ọ̀fọ̀ tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. Ewì kan péré ni màá dà kọ nínú iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èrò tèmi ní Yorùbá ni yóò kún ojú ewé yòókù. Ìwé ilé ni, n kò ní tà á.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ máa ń kàwé ló kú. Aláwàdà gidi ni. Ohun tí a sọ nípa rẹ̀ níbi ìsìnkú kò jọ ọ́ rárá: onínúure ni, ẹni Ọlọ́run ni, kò ṣeé gbàgbé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni wọn kì í sọ ọ́ fún? Inú ewì àwọn akéwì márùn-ún wọ̀nyí ni mo ti rí i pé iṣẹ́ kan wà tí ẹkún kò lè dá ṣe. Ẹkún kan náà ni à ń sun fún gbogbo òkú. Ẹ̀rín ló ń sọ irú ẹni tó kú gan-an.

Bébà tó nípọn díẹ̀, tí kò funfun jù, ni mo rà. Mo ká ewé mẹ́rin sí méjì, mo kì wọ́n bọ inú ara wọn, ìyẹn fún mi ní ojú ewé mẹ́rìndínlógún nínú ìdì kan. Kí ẹ tó ká bébà, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ lóòró, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ níbùú. Ibi tó bá ti rọ̀ jù ni kí ẹ ká a sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwé náà kò ní ṣí dáadáa.

Oṣù karùn-ún: Victoria Chang

Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ló le jù láti dà kọ. Ìwé rẹ̀ *Obit* jáde ní 2020. Ní 2009, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá rẹ̀, ó sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ìyá rẹ̀ kú. Bí ìkéde òkú ṣe máa ń rí nínú ìwé ìròyìn ni ó ṣe to àwọn ewì náà: òpó tóóró kan láàárín ojú ewé, etí òsì àti etí ọ̀tún gún régé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn nìkan ló ń kú níbẹ̀. Ìrètí kú. Aṣọ aláwọ̀ búlúù kú. Eyín ìyá rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì: ní 1965, nígbà tí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ nítorí àrùn èrìgì, àti lọ́jọ́ tí ìyá fúnra rẹ̀ kú. Akéwì náà wá bá eyín àtọwọ́dá nínú àpótí, ó fọwọ́ kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì kì í bọ ẹnu ara rẹ̀. Eyín wá di ìlọ́po méjì lẹ́nu rẹ̀, ebi sì wá ń pa á sí i.

Mo rẹ́rìn-ín sókè níbi eyín yẹn, àyà mi sì já lẹ́sẹ̀ kan náà. Kò sí ẹni tó lè fi ewì yẹn ṣọ̀fọ̀ ìyá ẹlòmíràn. Obìnrin kan ló ni eyín yẹn.

Ní ti dídà kọ: ẹ̀rọ ló ń jẹ́ kí etí méjèèjì ọ̀rọ̀ gún nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó ń fi gègé kọ gbọ́dọ̀ wo iwájú. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà méjì lóòró, mo kọ ewì náà sórí bébà ìdánwò kí n lè mọ iye ọ̀rọ̀ tí yóò wọ ìlà kọ̀ọ̀kan, mo wá ń fẹ ààyè àárín ọ̀rọ̀ tàbí kí n máa sún un jọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí òpó tóóró yẹn ń ṣe. Kò fi ààyè sílẹ̀ fún igbe. Ohùn akọ̀wé ìròyìn ni ó fi ń sọ ohun tí ó ju ẹ̀mí lọ, ibẹ̀ ni ẹ̀rín náà ti ń yọ.

Oṣù kẹfà: Ross Gay

Ìdì yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ìpínlẹ̀ Indiana ni Ross Gay ń gbé, ọgbà eléso jẹ́ ara ìgbésí ayé rẹ̀, ó sì hàn nínú *Catalog of Unabashed Gratitude* tó jáde ní 2015. Ewì kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ "Burial". Wọ́n ti sun òkú bàbá rẹ̀, eérú rẹ̀ sì wà nínú ìkòkò. (Mo mọ̀ pé gbígbọ́ èyí máa ń le létí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ.) Nígbà tí ọmọ fẹ́ gbin igi plum méjì sẹ́yìnkùlé, àárò bàbá sọ ọ́, ó bu díẹ̀ nínú eérú náà sínú kòtò, ó sì ní ṣe ni bàbá fi ayọ̀ bẹ́ sínú ilẹ̀. Ìlà kan ń ṣàn wọ ìlà kejì láìdúró, àfi bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lójú oko. Títí igi yóò fi so, tí bàbá yóò fi wà nínú èso, tí yóò máa jó bó ṣe ń jó láyé: ó tẹ̀ síwájú, ó ń gé ètè jẹ, ó ń ju ìbàdí kan síta kó tó ju ìkejì, ó dijú, ó fẹnu ṣe fèrè. Ó mọ̀ pé tí òun bá ṣe bí ọmọdé díẹ̀, inú ẹni yóò dùn.

Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe máa ń jó nìyẹn bí iná bá dé lójijì. N kò gbọ́ ijó yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbi ìsìnkú. Mo ti kọ ọ́ sójú ewé tó kọjú sí ewì náà, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Oṣù keje: Kevin Young àti Dean Young

Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, wọn kì í ṣe ẹbí. Bàbá Kevin Young kú ní 2004. Ní 2008 ó gbé *Dear Darkness* jáde, tí oríkì oúnjẹ àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kún inú rẹ̀: ẹran ẹlẹ́dẹ̀, adìẹ, gumbo (irú ọbẹ̀ kan). Ó sọ fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pé láìsí i, òun ì bá fúyẹ́ gan-an, òun ì bá sì má wà láàyè tó báyìí. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ tí olóògbé fẹ́ràn yóò mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ni. Àmì & ló máa ń lò dípò "and" ("àti"), mo ní láti kọ́ bí ọwọ́ ṣe ń fà á kó lẹ́wà.

Ti Dean Young kúrú lọ́dọ̀ mi. "Elegy on Toy Piano" rẹ̀, tí ó fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé tó jáde ní 2005, jẹ́ ewì fún Kenneth Koch, akéwì aláwàdà tó kú ní 2002. Dùùrù ìṣeré ọmọdé ni ó yàn láti fi ṣọ̀fọ̀ aláwàdà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkàn Dean fúnra rẹ̀ ṣàìsàn. Wọ́n fi ọkàn ẹlòmíràn pààrọ̀ rẹ̀ ní 2011, ó sì kú ní 2022.

Oṣù kẹjọ: èèpo àti rírán

Mo fi lẹ́ẹ̀ láfún tí mo se pẹ̀lú álọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ àdìrẹ mọ́ páálí, mo sì fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbẹ. Bí àwọn Kristẹni Íjíbítì àtijọ́ ṣe ń rán ìwé ni mò ń rán an: òwú ìdì kọ̀ọ̀kan ń lọ kọ́ mọ́ ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń hun ẹ̀wọ̀n sẹ́yìn ìwé, ìwé náà sì máa ń ṣí pẹrẹsẹ.

Bàbá kan tó ń ran bàtà ládùúgbò ló bá mi yan òwú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń pa á?" "Ìda oyin ni, ọmọ mi. Òwú tí kò bá mu ìda, òjò ni yóò mu ún." Irin ṣóńṣó rẹ̀ náà ni mo yá láti fi lu ihò.

Ibi tí mo dé: Lucille Clifton

Páálí iwájú àti ìdì mẹ́rin ti so pọ̀. Ó ku ti Clifton (1936–2010), ẹni tí ìdílé rẹ̀ sọ pé ìyá-ńlá wọn Caroline wá láti Dahomey, tí wọ́n sì fi ń yangàn. Mo kọ́kọ́ ro ti ewì tí ó kọ nípa ikú ọkọ rẹ̀ Fred ní 1984, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò sí níbẹ̀. "To my last period" ni mo yàn, láti inú *Quilting*, 1991. Nǹkan oṣù rẹ̀ ni ó ń kí pé ó dìgbóṣe, bí ẹni ń bá ọmọge sọ̀rọ̀: ọdún méjìdínlógójì, kò sígbà tí ó wọ aṣọ pupa rẹ̀ dé tí kò mú wàhálà wá. Ó ti wá lọ báyìí, akéwì sì jókòó bí àwọn ìyá àgbà tí ń di fọ́tò ọmọge aláfẹ́ náà mú, tí wọ́n ń mí kanlẹ̀ pé, ṣebí ó rẹwà? Òkú kankan kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀fọ̀ ni, fún ara tí kò ní padà.

Clifton kì í fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, nítorí náà lẹ́tà kékeré ni màá fi kọ gbogbo rẹ̀ pátá. Mo ti gé òwú tó gùn tó ìdì náà àti páálí ẹ̀yìn, mo ti fi ìda pa á. Sátidé tó ń bọ̀ ni màá rán an.