Màmá yẹ ẹ̀yìn aṣọ wò

Ọjọ́ Ẹtì, alẹ́

Ẹsẹ̀ ń ro mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sùn láìkọ èyí sílẹ̀, kó má di pé ilẹ̀ mọ́ tán tí mo ti gbàgbé bí Màmá ṣe dójú tì mí láàárín èrò.

Ifẹ̀ la lọ, níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà àwọn ọmọ tó ń ṣe másítáàsì. Akunwòrán, agbẹ́gilére, amọ̀kòkò, onífídíò, gbogbo wọn kó iṣẹ́ wọn jọ sínú yàrá gbọọrọ kan. Màmá ò kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Ó ní kí ló kan òun nínú ìdánwò ọlọ́mọ.

Ká sòótọ́, àwọn iṣẹ́ kan ò wọ̀ mí lójú. Ère tí wọ́n fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ṣe, mo ti rí irú ẹ̀ títí ó fi sú mi. Látìgbà tí El Anatsui ti ń so ìdérí ìgò ọtí pọ̀ bí ẹní ń hun aṣọ, tí gbogbo ayé sì ń pọ́n ọn lé, kò sí pàǹtí tó tún ráyè sinmi lórí ààtàn mọ́. Fídíò kọ̀ńdọ́ dánfó kan wà tí kò ní ohùn rárá, ẹnu ọmọ náà ń mì ṣáá. Ìyẹn dára. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó lọ.

Ìdí aṣọ ni ọ̀rọ̀ ti dé. Àdìrẹ mẹ́fà ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, àrà Ìbàdàndùn ló wà lára wọn, èyí tó ní òpó gbọ̀ngàn Màpó, àmọ́ fóònù àti ẹ̀rọ P.O.S. ni ọmọ náà yà sáàárín àwọn òpó. Inú mi dùn. Mo ya fọ́tò, mo ti gbé e sí ojú ìwé Facebook mi pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ tuntun rèé. Mo wá ń ṣàlàyé fún Màmá nípa ẹgbẹ́ Ọ̀nà, Moyo Okediji, Kunle Filani, Tola Wewe àti àwọn yòókù, bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ ní 1989, tí wọ́n ń fi àrà Yorùbá ya àwòrán. Màmá ò tilẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti di aṣọ mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í fọwọ́ kàn án."

"Ta ló ní wọn kì í fọwọ́ kan aṣọ?"

Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀, ó wá ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹ̀yìn funfun, bíi bébà.

"Èyí kì í ṣe àdìrẹ."

Ẹni tó ti ṣe aládìrẹ rí ló ń sọ̀rọ̀ o. Ojú kan ni wọ́n máa ń fi ìyẹ́ adìẹ tọ ẹ̀kọ láfún sí, àmọ́ odindi aṣọ ni wọ́n ń rì sínú aró. Aró á mu ẹ̀yìn náà dáadáa, àrà ibẹ̀ ni yóò kàn ṣe bàìbàì. Ẹ̀rọ ló tẹ eléyìí.

Ọmọbìnrin tó ni iṣẹ́ náà sáré dé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán mà. Láti ọjọ́ Ajé, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀yìn wò." Ó fi igun kan hàn wá níbi tó ti fi báírò kọ ọ́ pé: ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Iye àkókò tí ẹ̀rọ fi tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ó ní nítorí ayédèrú tó ń ti Ṣáínà wọ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lòun ṣe ṣe é. Mo bojú wo ìwé pélébé tó wà lára ògiri, èyí tí mo ka ìlà méjì rẹ̀ tí mo pa tì nítorí òyìnbó ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìlà kẹrin sọ pé ẹ lè fọwọ́ kàn án.

Èmi gbà fún ọmọ yẹn. Màmá ò gbà. "O wá ń jalè kó o lè fi hàn wá pé olè wà lọ́jà?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ́rìn-ín pẹ́.

Mo ti yọ fọ́tò yẹn kúrò. Ènìyàn mẹ́rìnlá ti fi ọkàn pupa sí i.

Màmá ò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìkirè, tí mo ra dòdò fún un. Ó jẹ méjì.

"Ìṣẹ́jú mélòó ni ó kọ síbẹ̀?"

"Mọ́kànlá."

Ó nu ọwọ́. "Ẹ̀kọ lásán kì í jinná ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá."